A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Ìtàn Bí A Ti Ń Mọ Ìlera Ìlú

Ọjọ́ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa ní Otu nìyí. Nínú ìwé ìrántí yìí, àwọn ẹlòmíràn ti kọ ìtàn bí a ti kọ́ ilé ìsìn wa, wọ́n sì ti ka orúkọ àwọn àlùfáà àti kátíkíìsì tí ó ti ń ṣọ́ agbo náà láti ìgbà dé ìgbà. Ìpín tí ó bọ́ sí wa lọ́wọ́ yàtọ̀ sí tiwọn. Ìtàn ìlera ni a ní kí a kọ: bí a ti ń mọ̀ bóyá ara àwọn ènìyàn ìlú kan le tàbí kò le, àti ohun tí mímọ̀ náà ti ṣe fún ilẹ̀ wa. Bóyá ẹlòmíràn yóò bi wá pé, kí ni ti ìṣirò nínú ilé Ọlọ́run? Kí ẹni náà jọ̀wọ́ fi sùúrù bá wa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọ ju bí a ti rò lọ.

ṢÉ ÀLÀÁFÍÀ NI?

Bí àlejò bá ti Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí wọlé tọ̀ wá wá, a kì í bi í pé àrùn wo ni ó ń ṣe é. Ohun tí a ń bi í ni pé: Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Inú ìkíni yìí ni àwọn baba wa fi òye wọn nípa ìlera pamọ́ sí. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ibà kò ṣe, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò rí oúnjẹ jẹ, tí ìjà sì wà nínú ilé rẹ̀, kò tíì ní àlàáfíà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pa á lówe pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Nígbà tí òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1948, irú òye bẹ́ẹ̀ ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀: a kò ka ìlera sí àìsí àrùn nìkan, a fi ìbàlẹ̀ ọkàn àti ìgbé-ayé rere láàrin ẹgbẹ́ kún un.

Ṣùgbọ́n ìkíni wa ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èsì kan ṣoṣo ni ó ní, èyíinì ni, A dúpẹ́. Ẹni tí ìkórè kún àká rẹ̀ wí pé, A dúpẹ́. Ẹni tí ó sin ọmọ ní ìjẹta wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìwà ọmọlúwàbí kò jẹ́ kí a da ẹrù ìbànújẹ́ wa lé àlejò lórí. Bí a bá kí gbogbo agbo ilé ní Otu láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọpẹ́ nìkan ni a ó gbọ́. A kì yóò sì mọ̀ bóyá ọmọ méjì ni ó kú ní ìlú ní oṣù náà tàbí ogún. Láti mọ èyí, àfi kí a kà.

ÈÈWỌ̀ ÀTI ÌBẸ̀RÙ

Níhìn-ín ni a ti pàdé òwe tí a fi ṣe orí ọ̀rọ̀ yìí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òwe náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ayé tí ikú ń mú ọmọ lọ nígbà gbogbo, ẹni tí ó bá ń ka ọmọ ọlọ́mọ dàbí ẹni tí ó ń fi wọ́n han ikú. Ìyá tí ó bí mẹ́jọ, tí mẹ́ta kù fún un, kì í fẹ́ kí a bi òun léèrè iye tí òun bí. Yóò dárúkọ àwọn mẹ́ta, yóò sì dákẹ́ ní ti àwọn márùn-ún.

Àwọn tí ó mọ Ìwé Mímọ́ yóò rántí pé nígbà tí Dáfídì Ọba ka àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì, àjàkálẹ̀-àrùn ni ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pẹ̀lú pé Mósè ka àwọn ènìyàn náà nípa àṣẹ Ọlọ́run, inú kíkà náà ni Ìwé Númérì sì ti gba orúkọ rẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn inú òwe Olúwa wa pẹ̀lú, bí kò bá ṣe pé ó mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún ni àgùntàn òun, kì bá tí mọ̀ pé ọ̀kan sọnù. Kì íṣe kíkà ni ó burú, bí kò ṣe ohun tí a fẹ́ fi kíkà ṣe.

Àwọn baba wa ní ìdí láti bẹ̀rù. Ní ọdún 1916, ọ̀tẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèhò sí ọ̀nà tí ìjọba ìgbà náà gbà ń ṣe àkóso; ọmọ-ogun ni a fi tẹ̀ ẹ́ rì, a sì mú àwọn ará Òkèhò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ibi tí ìlú wọn wà lónìí. Ní 1918 ni owó orí wọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Orúkọ owó náà ti tó ìkìlọ̀: ẹni tí a bá ka orí rẹ̀, òun ni yóò san án. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1931, ìbẹ̀rù owó yìí àti ogun eéṣú kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ bí ó ti yẹ ní Nàìjíríà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àbá ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá. Ìlú tí a fi àbá ka alààyè rẹ̀, báwo ni a ó ti ṣe mọ iye òkú rẹ̀?

ÌWÉ TÍ ÌJỌ Ń KỌ

Kíkà mìíràn wà tí kì íṣe ti owó orí, ilé ìsìn ni ó sì ti gbà wọ ayé. Ní ọdún 1538, nígbà ìjọba Henry Kẹjọ, àṣẹ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, kí a máa kọ gbogbo ìbatisí, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn sì ń jà ní ìlú London, àwọn akọ̀wé ìjọ a máa kó iye òkú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ fún ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ìwé náà láti mọ̀ bóyá kí àwọn sá kúrò ní ìlú, lẹ́yìn èyí wọn a sọ ọ́ nù.

Ní ọdún 1662, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Graunt tẹ ìwé kékeré kan jáde. Kì íṣe oníṣègùn, oníṣòwò aṣọ ni. Ó kó ìwé òkú àwọn ìjọ London jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ó jókòó tì wọ́n, ó sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí níbẹ̀. Ó rí i pé ọmọkùnrin tí a ń bí pọ̀ díẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Ó sì fi ìṣirò fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a bí ní ìlú náà, bí 36 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́fà. Ìyá kọ̀ọ̀kan ní London mọ ikú ọmọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú rí, títí ẹnìkan fi kà á.

Láti inú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń wọn ìlera ìlú lónìí ti jáde. Kò ṣòro láti yé ẹnikẹ́ni. Iye òkú nìkan kò sọ ohunkóhun fún wa. Ogún òkú nínú abà kan ń kó ìpayà bá ni, ogún òkú ní Ìbàdàn kò tó ohun tí a ń sọ. A ní láti mọ iye alààyè tí òkú náà ti àárín wọn jáde, kí a sì fi ọ̀kan wé èkejì. Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé, nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, mélòó ni ó kú kí wọ́n tó pé ọdún kan? Mélòó ni ó kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún? Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí gbà pé nínú gbogbo òṣùwọ̀n, èyí ni ó ń sọ òtítọ́ ìlú jù, nítorí ọmọ-ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ ń san gbèsè àṣìṣe àwọn àgbà. Bí omi kò bá mọ́, bí oúnjẹ kò bá tó, bí ìyá kò bá rí ìtọ́jú nígbà ìkúnlẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ ń lọ.

Nígbà tí àwọn ajíhìnrere CMS dé Àgbádárìgì ní 1845 àti Abẹ́òkúta ní 1846, wọ́n mú àṣà ìwé ìjọ yìí lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ìjọ wa níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń kọ orúkọ àwọn tí a batisí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ wọ̀nyí dáradára. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìbatisí àtijọ́ yóò pàdé Málọmọ́, yóò pàdé Dúrójayé, yóò pàdé Bánjókòó. Orúkọ àbíkú ni wọ́n. Òbí tí ó sọ ọmọ ní Málọmọ́ ń wí fún gbogbo ayé pé ọmọ kan ti lọ ṣáájú eléyìí. Ọba Èkó kan pàápàá ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń jẹ́ Kòsọ́kọ́, èyíinì ni pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin òkú ọmọ. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó jẹ́ olùṣọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, kọ nípa irú orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn, ni ó ṣe ètò ìwé náà lẹ́yìn tí ó ti kú.

Nítorí náà, a kò lè wí pé àwọn baba wa kò ka òkú ọmọ wọn. Wọn kò fi ẹnu kà á, ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ kà á. Orúkọ àbíkú ni ìwé ìṣirò tí àwọn tí kò mọ̀wé kọ sílẹ̀ fún wa. Lónìí a ti mọ̀ pé ibà, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ wọ̀nyí. Ẹ wo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa lónìí, kí ẹ sì bi ara yín léèrè, Málọmọ́ mélòó ni ó wà láàrin wọn? Pé orúkọ náà ti ṣọ̀wọ́n, òṣùwọ̀n ìlera ni èyí pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ìwé ìjọ ní àléébù tí ó yẹ kí a jẹ́wọ́. Ọmọ tí ó kú kí a tó batisí rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ àwọn ará wa Mùsùlùmí kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé kò ní orúkọ tí a bá fi kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ikú ń mú jù lọ sì jẹ́ àwọn tí ìwé wa kò mọ̀.

ÀJÀKÁLẸ̀-ÀRÙN TÍ A KÒ KÀ

Ohun tí àìkà ń ṣe hàn gbangba ní ọdún 1918. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ òkun mú àrùn kan wọ Èkó, èyí tí ó ń jà káàkiri ayé nígbà tí Ogun Ńlá ń parí lọ. Lúkúlùkú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa pè é. Ó bá ọkọ̀ ojú irin gòkè, ó bá àwọn oníṣòwò wọ abà, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti dé ibi gbogbo ní Nàìjíríà. Àwọn òpìtàn dá a lábàá pé àwọn tí ó kú tó ìdajì mílíọ̀nù nínú mílíọ̀nù méjìdínlógún. Àbá ni, kò sí ẹni tí ó kà wọ́n. Ìrántí rẹ̀ wà nínú àdúrà ju inú ìwé ìṣirò lọ: ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's kan kó ara wọn jọ fún àdúrà ní ọdún náà, inú ẹgbẹ́ wọn sì ni ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládùúrà ti hù jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé abà wo ni ó parun, àti pé ta ni ó kú, àgbà tàbí ọmọdé, ìdákẹ́ ni a ó gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi.

ÌMẸ̀SÍ-ILÉ

Ìgbà kejì yàtọ̀. Ní 1956, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí a ń gbé wá sí ilé ìwòsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí wọ́n tó dé, àti pé ilé ìwòsàn kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ìlú. Òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a bí níbẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n nígbà gbogbo, wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí ó fi dàgbà.

Ohun tí wọ́n ń lò kò ju káàdì kan lọ. Ìwọ̀n ọmọ ni a ń fi àmì sí lórí rẹ̀ ní oṣooṣù, kí a lè rí i bóyá ọ̀nà rẹ̀ ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Ìyá ọmọ ni a fún ní káàdì náà kí ó tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan rò pé àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Dípò èyí, wọ́n pa á mọ́ dáradára. Nínú àmì wọ̀nyí ni a ti rí i kedere bí èéyi àti ikọ́ àwúbì ti ń fa ọmọ sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí àìjẹun tó sì ń parí iṣẹ́ tí àrùn bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn ibi tí a kọ́kọ́ ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi ìlú náà wé ìlú mìíràn tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ikú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí kéré púpọ̀ sí ti èkejì. Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ti lọ káàkiri ayé láti ìgbà náà. Irú rẹ̀ ni àwọn ìyá ń mú lọ sí ilé ìtọ́jú lónìí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ẹ kíyèsí i: àwọn ìyá Ìmẹ̀sí mọ òwe wa. Wọ́n jẹ́ kí a ka ọmọ wọn nítorí wọ́n rí i pé ẹni tí ń kà á ni ó ń wọ̀n ọ́n, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀.

SÒBÌÀ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí tòsí ilé. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá, ní gúúsù wa, tí Igbó-Ọrà jẹ́ ibùdó rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń gbé láàrin ìlú, tí wọ́n ń kọ́ láti ka ilé, ìbí àti ikú. Ó jẹ́ láti inú kíkà bẹ́ẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ṣe, ni ayé ti mọ̀ pé ìbejì Igbó-Ọrà tó 45 nínú 1,000 ìbí, nígbà tí ti ilẹ̀ Yúróòpù kò ju bí 12 lọ. Kíkà kì íṣe ti òkú nìkan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn jọ mọ̀, tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kà á. Sòbìà ni. A kò ní láti ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn tí irun wọn ti funfun láàrin wa. Ilẹ̀ àpáta ni tiwa, omi kò pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ènìyàn ń pọn omi nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan náà. Nínú omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tín-ín-tín-ín wà tí ó gbé ọmọ sòbìà mì. Ẹni tí ó mu ún kò mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni aràn tí ó lè gùn tó mítà kan yóò máa yọ jáde láti ẹsẹ̀ rẹ̀. A ó máa fi igi kékeré ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹni náà bá fi ẹsẹ̀ bọ omi kí ìrora lè rọlẹ̀, aràn náà a tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kò lè lọ sí oko, ọmọ kò lè lọ sí ilé ìwé, ìyá kò lè pọn ọmọ.

Kì í sábà pa ènìyàn, nítorí náà kò sí nínú ìwé òkú. Ẹni tí ó dè mọ́lẹ̀ kò lè rìn dé ilé ìwòsàn, nítorí náà kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ohun tí ó wà nínú ara olúkúlùkù ènìyàn láti ìbí ni, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà pẹ̀lú wa láti ìran dé ìran, tí ẹnikẹ́ni ní olú-ìlú kò mọ bí ó ti pọ̀ tó.

Ní 1985, àwọn onímọ̀ pàdé ní Ìlọrin fún àpérò àkọ́kọ́ lórí sòbìà ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba pinnu pé kí a lọ láti abà dé abà jákèjádò ilẹ̀ yìí, kí a bèèrè ní ilé kọ̀ọ̀kan pé, ta ni sòbìà yọ lára rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá? Nígbà tí a ro iye náà pọ̀, ó ju 653,000 lọ ní 1988. Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní ayé tí iye tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ sì wà lára àwọn tí ó ní in púpọ̀. Ojú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìtìjú náà ni ó mú kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún náà, a yan ẹnìkan ní abà kọ̀ọ̀kan tí àrùn náà wà, ará abà náà gan-an, kí ó máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣooṣù. A pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Ní Ìdèrè ní Ìbàràpá, àwọn ará ìlú ti ń rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tà ṣáájú ìgbà náà. A gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a da oògùn sí ọ̀gọ̀dọ̀, a sì kọ́ àwọn tí aràn ń yọ lára wọn láti má ṣe wọ inú omi. Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, Jimmy Carter, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ CMS ní Wúsásà lẹ́bàá Zaria, fi ara wọn fún iṣẹ́ náà. Gowon ń wọ abà kiri, ó ń bá àwọn baálẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ibi tí iye bá ti lọ sílẹ̀, a mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ; ní ibi tí kò bá lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni a ń rán ènìyàn sí. Ní 2008, 38 péré ni ó kù ní gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enúgu.

Síbẹ̀, a kò tíì jáwọ́ nínú kíkà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò gbà pé àrùn ti lọ títí a fi ka òdo fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta, tí a sì ń wádìí gbogbo ìròyìn tí ó bá jáde. Ní ìparí ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Ní gbogbo ayé, iye ènìyàn tí ó ṣe ní 2024 kò pé ogún. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan fún àrùn yìí, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Aṣọ, kànga, ẹ̀kọ́, àti ìwé tí a ń kọ iye sí ni ó lé e lọ.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà wá ikú àwọn ọmọdé lónìí. Láti 1990, Nàìjíríà ti ń ṣe ìwádìí ńlá ní àárín ọdún mélòó kan. A ń jókòó ti àwọn obìnrin nínú ilé tí a yàn, a sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n léèrè gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, èyí tí ó wà àti èyí tí ó lọ. Ìbéèrè tí òwe wa kọ̀ gan-an ni. Nítorí pé àwọn ìyá dáhùn ni a ṣe mọ̀ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà, 157 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìwádìí 2008 ti wí. Ní 2018, ó di 132. Ó ń lọ sílẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n 132 nínú 1,000, ju ọ̀kan nínú mẹ́jọ lọ ni èyí jẹ́.

Iye wọ̀nyí jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà. Kí ni ti Otu? Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn ènìyàn Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, tí Otu jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ. A mọ iye alààyè nígbà náà. Òfin ọdún 1992 sì ti pa á láṣẹ pé kí a kọ gbogbo ìbí àti gbogbo ikú sílẹ̀. Ìwé ìbí, a ń sáré gbà á nítorí ilé ìwé yóò bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ikú ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ta ni yóò bèèrè rẹ̀? A ń sin ín ní ìdákẹ́, a sì ń wí fún àwọn tí ó bá kí wa pé, A dúpẹ́.

Ẹ̀yin àlùfáà ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ará nínú Olúwa, a kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A kọ ọ́ nítorí pé ìjọ tí ó ti ń kọ ìwé fún ọgọ́rùn-ún ọdún mọ iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn wa kéré. Kí ìwé ìsìnkú wa máa ní ọjọ́ orí òkú àti ohun tí ó pa á, bí a bá mọ̀ ọ́n. Kí a ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí ó lọ kí a tó batisí wọn, kí ìyá tí ó bá fẹ́ lè wá kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, tàbí ọjọ́ tí a bí i bí kò bá ní orúkọ. Kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ máa tẹ̀lé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, kí ó má baà dá lọ. Kí a sì bá àwọn ará wa Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ láti ṣe bákan náà, nítorí omi kan náà ni a jọ ń mu.

Àwọn baba wa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òótọ́ ni wọ́n sì sọ ní ti ẹni tí ń kà láti gba nǹkan lọ́wọ́ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kà, a kò lè mọ̀ pé ó sọnù. Ìkà tí ó lé sòbìà kúrò ní ẹsẹ̀ wa, ìkà olùṣọ́-àgùntàn ni. Bí àwọn tí yóò ṣe àjọ̀dún igba ọdún ìjọ yìí bá ṣí ìwé wa, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n rí i pé a kọ gbogbo ọmọ wa sílẹ̀, àti pé lọ́dọọdún ni ojú ìwé àwọn tí ó lọ ń kúrú sí i. Àmín.